Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbà Síṣẹ́

Ibi Kíkà: Mátíù 20:1-16, 2 Tẹsalóníkà 3:6-12
Kíkà Ojoojúmọ́ ní Ilé: Léfítíkù 19:9-13, Diutarónómì 24:14, 15, Rúùtù 2, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1-4, Jákọ́bù 5:1-6
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Mátíù 20:7
Ète Ẹ̀kọ́: Kí ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí ẹni tí kò ní, kí ó sì mọ ohun tí Olúwa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa onítọ̀hún.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ bá ti délẹ̀ láàárín wa, ẹsẹ Bíbélì kan ni ó máa ń yá wa lẹ́nu. Òun ni 2 Tẹsalóníkà 3:10, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti fi oúnjẹ du ẹni tí ó kọ iṣẹ́. Bàbá ń fi í lé ọmọ dìde lórí ibùsùn. Ìyá ń fi í dáhùn nígbà tí ọmọ bá tọrọ owó ọkọ̀. Oníwàásù ń fi í parí ìwàásù ní ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sì sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n kí a tó jù ú lu ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a kà á láti ẹsẹ 6 dé ẹsẹ 12. Ẹni tí kò fẹ́ ni Àpọ́sítélì ń bá wí. Àwọn kan wà ní Tẹsalóníkà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn, wọ́n kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò rí i ṣe ńkọ́? Nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀, Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀, nínú òwe àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ọ̀run ni òwe náà, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni a sì máa ń fi í kọ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ ní ọjà ni Olúwa fi ṣe àpèjúwe. Ní òní, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ọjà náà.

Olùkọ́ kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gba ibi yìí kọjá. Ó ṣeé ṣe kí òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó níwájú yín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni náà gan-an jókòó níbẹ̀.

I. BAÁLÉ ILÉ TÍ Ó LỌ SÍ ỌJÀ FÚNRA RẸ̀ (Mátíù 20:1-7)

Ẹ ka iye ìgbà tí ọkùnrin yìí jáde. Ó jáde ní kùtùkùtù. Ó jáde ní wákàtí kẹta, èyí tí í ṣe agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa. Ó jáde ní ọ̀sán gangan, ó tún jáde ní agogo mẹ́ta, ó sì tún jáde ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó ku wákàtí kan kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí kò ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹsẹ 8 sọ fún wa pé ó ní iríjú. Ó lè rán iríjú náà. Ó lè jókòó sí ilé kí ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ wá bẹ òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣe nígbà tí ó bá àwọn ti ìgbẹ̀yìn. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró láìríṣẹ́ ṣe láti àárọ̀. Wọ́n dáhùn ní gbólóhùn kan, pé kò sí ẹni tí ó pè wọ́n. Kò jiyàn. Kò sọ fún wọn pé àwọn tí ó tètè jí ti rí iṣẹ́ tiwọn láti àárọ̀. Ó gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sínú ọgbà.

Èrò ọ̀pọ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí ní láti jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọ̀lẹ wo ni yóò ṣì wà ní ìdúró ní ọjà ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́? Ọ̀lẹ ti lọ sílé láti ọ̀sán. Ẹni tí ó ṣì dúró títí di àkókò yẹn ni ẹni tí kò lè fi ọwọ́ òfo wọlé bá àwọn ọmọ rẹ̀.

II. ỌJÀ TIWA

Akínmọ̀ọ́rìn kì í ṣe ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú Áfíjìó yòókù, Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Ìwàrè. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ibi tí àwọn ènìyàn ń dúró sí. Ẹ lọ sí etí títì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn tàbí ti Èkó. Ẹ ó rí ẹlòmíràn tí ó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣẹ́, tí ó jókòó lórí ọ̀kadà tí ń dúró de èrò. Kò sí àbùkù nínú gígun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n òbí tí ó ta ilẹ̀ láti fi rán ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òbí dúpẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di òpin ọdún 1960, àwọn ọmọ náà ka ìwé mẹ́fà tán, wọ́n sì jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ padà sídìí ọkọ́ àti àdá tí bàbá wọn ń lò. Ọ́fíìsì kò sì lè gba gbogbo wọn.

Ìjọba ti ń rí i bọ̀. Ní ọdún 1959 sí 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àwọn àgbẹ̀ ọ̀dọ́, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀, níbi tí irú abúlé àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ moshav. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni a ó lọ kí a tó rí ọ̀kan, nítorí Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. A kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, a fún wọn ní ilẹ̀ àti ilé, a sì fún wọn ní owó tí wọn yóò san padà nígbà tí oko bá so.

Ètò rere ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró. Igi eléso kì í so ní ọdún tí a gbìn ín, gbèsè sì ń ga ní gbogbo ìgbà tí a ń dúró dè é. Owó tí ìjọba ń ná lórí àgbẹ̀ kan ṣoṣo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ètò náà kò fi lè kárí ìdá kékeré nínú àwọn tí ń jáde nílé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, tí owó Udoji sì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba; Èkó sì ń pe gbogbo ènìyàn. Nígbà tí owó epo já wá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE sílẹ̀ ní 1986 kí ó máa fi àwọn ọ̀dọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ní 2016, N-Power dé. Ìdajì mílíọ̀nù ọ̀dọ́ ni ó gbà láàárín ìwọ̀nba ọdún, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n dá a dúró.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi àwọn aláṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni láti tún ọ̀nà ṣe kí ó sì mú iná wá, a sì ní láti máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n ètò ń dé, ètò ń lọ, pẹ̀lú àwọn tí ó gbé e kalẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹni tí ó súnmọ́ ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ jù lọ kò yí padà. Òun ni ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà ní ilé Ọlọ́run.

III. KÍ NI Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ WA?

Ẹni tí ó bá gba Fìdítì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ mọ ọsàn. Ọsàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oníṣòwò tí ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ni yóò dá iye lé e, nítorí ó mọ̀ pé àgbẹ̀ kò ní ibi ìpamọ́. Èyí tí kò bá kó yóò jẹrà lábẹ́ igi. Ní ìlú tí ọsàn ti ń jẹrà lábẹ́ igi ni àwọn ọmọ ti ń wọkọ̀ lọ wá iṣẹ́ sí ibi tí wọn yóò ti máa ra omi ọsàn inú páálí mu. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá NIHORT sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn. Mélòó nínú àwa tí a ní oko ọsàn ni ó ti lọ béèrè ohunkóhun níbẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọsàn sílẹ̀ kí a wo gàrí, èyí tí kò gba ìmọ̀ jíjìn. Ká ní ẹnìkan ra ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, ó sì gbé e sí abẹ́ páànù ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹni tí yóò hú ẹ̀gẹ́ ti rí iṣẹ́. Ẹni tí yóò rù ú wá láti oko ti rí iṣẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó bẹ ẹ́, ọ̀kan yóò máa fọ̀ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò dúró ti ẹ̀rọ, òmíràn yóò máa fi jáàkì fún omi inú rẹ̀. Àwọn tí yóò kù ú wà, àwọn tí yóò yan án wà. Ẹni tí ń ta igi ìdáná ti ní oníbàárà. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ti ní oníbàárà. Olóńjẹ yóò gbé ìkòkò rẹ̀ súnmọ́ wọn nítorí ebi yóò pa wọ́n ní ọ̀sán. Níkẹyìn ni awakọ̀ yóò kó àpò gàrí lọ sí Ìbàdàn. Ẹ kà wọ́n, ẹ ó rí i pé wọ́n ju mẹ́wàá lọ dáadáa, láti ara ẹ̀rọ kan tí owó rẹ̀ kò tó iye tí a fi ń kan òrùlé ilé ńlá kan.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí gba kí a sọ ọ́ ní gbangba. Ní ìlú wa, ilé wà tí a ń ṣí ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ní ọjọ́ tí a bá ń ṣe òkú nìkan. Ọmọ ìlú tí ó wà ní òkèèrè ni ó kọ́ ọ, ó sì yẹ kí a yìn ín, nítorí kò gbàgbé ilé. A kò sọ pé kí ènìyàn má kọ́lé sí ìlú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bíríkìlà, káfíńtà àti akunlé bá ti gba owó tiwọn, ilé náà kò tún bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdílé tí ń gbá àgbàlá rẹ̀ náà ṣì ń retí owó láti Èkó. Bí ẹni tí ó kọ́ yàrá mẹ́jọ bá kọ́ márùn-ún, kí ni owó yàrá mẹ́ta yòókù ìbá ṣe?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òun ti gbìyànjú rẹ̀ rí, pé òun fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè, pé àbúrò tí òun fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́ ná owó epo dísù, ó sì ná èrè, títí ẹ̀rọ fi dípẹtà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, òótọ́ sì ni. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a tún padà sí ọgbà àjàrà. Baálé ilé náà ní iríjú, ṣùgbọ́n kò fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún un. Ó mọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀ àti wákàtí tí olúkúlùkù wọlé. Iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ gba kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a máa wò ó, kí a sì fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a kàn fẹ́ràn. Ẹni tí kò bá lè wá wò ó, kí ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nílé nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ní àkọ́sílẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé baálé ilé náà kò béèrè ibi tí àwọn alágbàṣe ń gbé jọ́sìn. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ó ń gbé ìlú wa. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ nìkan ni a óò gbà síṣẹ́, a ti fi ẹnu ọgbà dín ju bí Olúwa ti ṣe é lọ.

Ohun kan tún wà. Ní àkókò ẹ̀rí nínú ìsìn, a máa ń gbọ́ pé Ọlọ́run fún lágbájá níṣẹ́, gbogbo wa a sì jó. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tí ó dìde láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní agbára láti gba ènìyàn méjì síṣẹ́ ní ọdún yìí. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni ìbá mú kí àwọn ẹlòmíràn ronú nígbà tí wọ́n bá délé. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, àlejò ni. Àkúílà àti Pírísíkílà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá tirẹ̀ mu ni ó gbà á sílé, tí wọ́n sì jọ ń pàgọ́. A mọ Pọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ tọkọtaya náà pẹ̀lú gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ní ibi iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

IV. OWÓ ALÁGBÀṢE (Mátíù 20:8-15)

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, baálé ilé náà ní kí a san owó. Kò ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀la. Òfin Mósè ni ó pa mọ́, nítorí Diutarónómì 24:15 kò gbà kí oòrùn wọ̀ lórí owó tálákà tí ó ṣiṣẹ́, ìdí tí ó sì fúnni ni pé ọkàn ẹni náà ti wà lára owó ọ̀hún. Jákọ́bù sọ pé owó tí a bá dá dúró a máa ké, igbe náà a sì máa dé etí Ọlọ́run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá pọ̀. Tẹ́lọ̀ tí ó fi ọmọ iṣẹ́ sẹ́nu omi pípọn àti aṣọ fífọ̀ ní ọdún méjì nínú mẹ́ta, tí kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, tí ó sì tún ń béèrè owó ńlá kí ó tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, kò kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Olóko tí ó bá lébìrà ṣe àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí ó sì ń fi ọ̀la dá a lóhùn títí di ọyẹ́ ti ṣẹ̀ sí òfin tí a kà yìí.

Kí a má sì fi ìjọ sílẹ̀. Ìjọ náà ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tí ń ṣọ́ ilé ìsìn lóru, obìnrin tí ń gbá a, àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọ dá sílẹ̀, olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú: ǹjẹ́ wọ́n ń gba owó wọn lọ́jọ́ tí ó yẹ? Bí a bá jẹ olùkọ́ ní owó oṣù mẹ́ta, tí a sì ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè tuntun ní oṣù kẹta náà, àwọn ọmọ olùkọ́ náà ń wò wá. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín owó tí olóko dá dúró àti èyí tí ìgbìmọ̀ ìjọ dá dúró.

Nípa ìkùnsínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọn kò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ẹlòmíràn rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ.

V. ÈRÈ TÍ KÌ Í ṢE IṢẸ́

Ní Éfésù, Dímẹ́tíríù alágbẹ̀dẹ fàdákà gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́, owó sì ń wọlé fún wọn, ṣùgbọ́n ilé-òrìṣà ni wọ́n ń rọ (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:23-27). Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń mú owó wá ni a lè pè ní iṣẹ́. A mọ àwọn ọmọ tí ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì, tí wọ́n ra ọkọ̀ kí irùngbọ̀n wọn tó hù. A mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ń wá sí ìdúpẹ́ ìkórè. Nígbà tí a bá pè wọ́n síwájú, tí a pàtẹ́wọ́ fún owó tí kò sí ẹni tí ó mọ orísun rẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ sí éékà méjì tí ó sì mú àpò gàrí kan wá sí ìkórè ń wò wá láti ẹ̀yìn. Àwa ni a ń kọ́ ọ pé òmùgọ̀ ni òun.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn òbí pẹ̀lú nípa àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wáṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìgbaniṣẹ́, àti àwọn tí ń ṣèlérí iṣẹ́ ní òkè òkun fún àwọn ọmọbìnrin. Onígbàṣe nínú òwe wa kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ alágbàṣe kí ó tó mú un wọ ọgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí Pọ́ọ̀lù bá wí ní Tẹsalóníkà àti àwọn tí ó dúró ní ọjà títí di agogo márùn-ún? Èwo ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa jọ?

2. Léfítíkù 19:9, 10 ní kí olóko fi ìpẹ̀kun oko rẹ̀ sílẹ̀ fún tálákà, Bóásì sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Rúùtù. Fún ẹni tí kò ní oko ṣùgbọ́n tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò tàbí owó ìfẹ̀yìntì, kí ni ìpẹ̀kun oko tirẹ̀?

3. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọ yọ apá kan nínú owó ìkórè láti yá àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán láìgba èlé? Ta ni yóò máa tọ́jú àkọ́sílẹ̀ rẹ̀, kí ni a ó sì ṣe fún ẹni tí kò bá san án padà?

4. Kí akọ̀wé kíláàsì kọ orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tí kò níṣẹ́ àti ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ni nínú wa ni yóò lọ bá ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?